Wọ́n Ní Kí N Bọ́ Àmì Ọ̀rọ̀ Mi Sẹ́nu Ọ̀nà

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi kí n má baà pariwo. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í sábà lá àlá. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi, Bàbá Ìfẹ́tayọ̀, ti lọ, bí mo bá ti fi orí lélẹ̀, òkùnkùn biribiri ni, ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n orí tábìlì ni oorun gbé mi lọ lánàá, fóònù wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo ń kọ fún dìgírì tí à ń fi ọlidé kà yìí, ọkọ́ rírọ ní ìlú wa Òkè-Ẹwìrì ló dá lé lórí. Gbogbo orí kẹta rẹ̀ ló dúró lórí ohun tí ọkọ mi, Jòsáyà Ògúnsakin, kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà kan nígbà tó ṣì ń ṣe tíṣà. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí i sí. Ó mọ orúkọ gbogbo ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ rọ, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà nílé, ikán ti jẹ ẹ́ dé ibi orúkọ rẹ̀. Dókítà Fámùrewà, tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní òun ti wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ò rí i.

"Ìyá," ó ní, "ohun tí kò bá sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí láyé. Ẹ mú un wá kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, tàbí kí n fa igi lé orí kẹta yín."

Ọ̀la ni Ọjọ́ Ẹtì. Bó bá sì fa igi yẹn, kì í ṣe dìgírì nìkan ló máa bọ́ lọ́wọ́ mi. Ńṣe ló máa dà bí ẹni pé ọkùnrin náà ò gbé kálàmù rí.

Nínú àlá yìí, mo tẹ ọ̀rọ̀ sínú fóònù. Fóònù dá mi lóhùn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ máa wọlé." Mo bá dìde, mo wọlé. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Mo kàn ká ìró mi sókè díẹ̀ nítorí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré.

Ọ́fíìsì kan ni mo bá níbẹ̀ tó ń léfòó lójú sánmà. Wọ́n fi okùn so àwọn àga mọ́ tábìlì, wọ́n so tábìlì mọ́ akọ̀wé, wọn ò wá so akọ̀wé mọ́ nǹkan kan. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, táì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sà, níbo nìyí?"

"Inú àwọsánmà ni, Mà. Ibẹ̀ ni à ń kó gbogbo ìmọ̀ ayé pamọ́ sí."

"Bí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè ìyẹn rí. Kí lẹ ń wá?"

"Ọkọ́ ni."

Ó na ọwọ́ sókè bíi wọ́dà. "Ẹ rọra, Mà! A kì í gbé àmì wọ ibí. Ẹ bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà."

Mo wẹ̀yìn. Lóòótọ́ ni, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà bíi bàtà ní ilé àdúrà tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀. Ta ni mí tí n óò fi rú òfin ọ́fíìsì? Mo ṣí àmì òkè kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi, mo yọ àmì méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dáadáa, bí àwọn míṣọ́nnárì ṣe kọ́ wa láti máa to nǹkan. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni "oko", ìhòòhò ọmọlúwàbí, tó ń gbọ̀n bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi tútù wẹ̀.

Akọ̀wé tẹ agogo. "A ti rí i," ó ní. "Mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. A ò sì tíì ṣẹ́jú."

Ni àwọn ọkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn ọkọ ìyàwó ni mò ń sọ o: ọkọ tó sanra, ọkọ tó ń húkọ́, ọkọ tó gbé àpótí dání pé òun ti ṣe tán. Àwọn mẹ́rin tó ṣíwájú lẹ "Ìpolówó" mọ́ iwájú orí. Mo kí gbogbo wọn kú ìdúró.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà tẹ̀ síwájú. "Mà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá. Mo tún ń ta mátírẹ́ẹ̀sì."

"Ẹ ṣeun, Sà," mo ní. "Mo ní mátírẹ́ẹ̀sì nílé. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ò gbó mọ́."

Kò mọ ohun tó máa tà lé ìyẹn.

Mo yíjú sí akọ̀wé. "Sà, ọkọ kọ́ ni mò ń wá. Mo ti ní ọ̀kan, ó sùn nínú Olúwa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkọ́ ni mo wí, èyí tí wọ́n fi ń kọ ebè."

"Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni ọkọ̀?"

Kí n tó la ẹnu, lọ́rì wọlé, ọkọ̀ ojú omi wọlé, ọkọ̀ ojú irin kan tí kò ní táyà rí láyé rẹ̀ ń béèrè ẹni tó ń lẹ táyà.

"Àbí oko?"

Oko kan wọlé tòun ti ẹ̀gẹ́ tó wà nínú rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tún yọjú lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń jẹ́ oko nígbà tó ti bọ́ àmì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó padà lọ wọ ṣòkòtò.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí láàárín èrò mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀, kò sí ẹyọ ọkọ́ kan. Mo gbọ́ tí nǹkan kan ń fà mí láṣọ. Ìlà tín-ín-rín kan ni, kò ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ.

"Ìyá," ó ní, "àmì ìyọkúrò ni mí. Ẹ fi mí síwájú ohun tí ẹ ò bá fẹ́. Mi ò lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń gbálẹ̀ mọ́."

Mo gbé e síwájú ìyàwó, gbogbo ọkọ ìyàwó bá pòórá, àpótí nìkan ló kù. Mo gbé e síwájú mọ́tò, àwọn lọ́rì ń fọn fèrè lọ. Oko ló pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ, ó ní òun ò tíì mu omi òun tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kékeré mẹ́rin kan jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n rí rogodo, wọ́n ní ìrù, wọ́n jọ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. "Àwa ni àmì àyọlò," wọ́n ní lẹ́ẹ̀kan náà. "Bí ẹ bá to ọ̀rọ̀ púpọ̀ pa pọ̀ láìfi wá sí i, níbí wọ́n á tú u ká. Ẹ jẹ́ kí méjì dì í mú níwájú, kí méjì dì í mú lẹ́yìn."

Mo to àkọlé iṣẹ́ ọkọ mi sáàárín wọn: oko riro ati awon alagbede wa. Wọ́n dì í mú gírígírí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó lè yà lọ sílé ẹlòmíì. Wọ́n ń rìn, mo ń tẹ̀ lé wọn. Lọ́nà, ara mi kọ̀ ọ́ díẹ̀, nítorí pé riro yẹn, bí kò ṣe ní àmì, mi ò mọ̀ bóyá irin ni wọ́n ń rọ tàbí oko ni wọ́n ń ro.

Wọ́n mú mi dé iwájú Ìgbìmọ̀ Àwọn Tó Mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n jókòó yíká, ẹ̀yìn àga wọn ga ju ọ̀run tó kù lọ. Dókítà Fámùrewà wa jókòó láàárín wọn.

"Ẹ̀yin àgbà," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa ọkọ́ Òkè-Ẹwìrì?"

"Gbogbo wa la mọ̀," ni ti ọwọ́ ọ̀tún wí. "Nínú ìwé ti ọwọ́ òsì yìí ni mo ti rí i."

"Èmi rí i nínú ìwé Dókítà," ni ti ọwọ́ òsì wí.

"Èmi sì rí i," ni Dókítà Fámùrewà wí, ó ń nawọ́ sí ti ọwọ́ ọ̀tún, "nínú ìwé tiẹ̀."

"Ta ló wá rí ọkọ́ náà fúnra rẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. "Ọkọ́ wo?"

Bí wọ́n ṣe ń wí bẹ́ẹ̀, irùngbọ̀n wọn ń gùn. Ó gùn dé àyà, ìwo yọ lábẹ́ fìlà, ó wá di òbúkọ mẹ́ta nínú ẹ̀wù ọ̀jọ̀gbọ́n. Òórùn wọn ni mo fi dá wọn mọ̀ dáadáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn ìwé ìtọ́kasí tó wà níwájú wọn. Ti ọ̀tún ń jẹ ti òsì, òsì ń jẹ ti Dókítà.

"Ìyá, mẹ̀ẹ́ẹ̀," ni Dókítà wí, bébà ń yọ lẹ́nu rẹ̀, "orí kẹta... mẹ̀ẹ́ẹ̀... kò ní ìtọ́kasí."

"Ṣééé!" ni mo wí, bí mo ṣe máa ń wí fún ti ará ilé ẹ̀yìnkùlé wa. Wọ́n sún, mo kọjá.

Lẹ́yìn wọn ni géètì irin kan wà. Mo yọjú láàárín irin rẹ̀, mo sì rí i. Ó jókòó sórí àga, nínú ẹ̀yìn ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó ká ẹsẹ̀ lórí ara wọn bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ. Iṣẹ́ Jòsáyà.

"Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló rán yín wá?" ni géètì béèrè.

"Kò sí èyí tó rán mi. Ìyàwó ẹni tó kọ ọ́ ni mí."

"Ìyàwó kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́."

"Ìlú wa ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, Sà."

"Ìlú náà kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́."

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo di irin géètì náà mú. Ìwé náà gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Dọ́káàsì, ṣé o ti jẹun?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bi mí láyé. Kò béèrè nǹkan mìíràn rí kó tó béèrè ìyẹn.

"Mo ti jẹ ẹ̀bà díẹ̀," mo ní. "Kí ló dé tí o ò dáhùn láti ọjọ́ yìí tí a ti ń wá ọ? Dókítà ní o ò sí láyé."

"Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ọkọ, tí wọ́n ń pe ọkọ̀, tí wọ́n ń pe oko. Kò sí ẹni tó pè mí. Ṣé kí n máa jẹ́ orúkọ olórúkọ ni? Pè mí bí o ṣe máa ń pè mí."

Mo sáré padà sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ti wá bàtà rí lẹ́yìn ìsìn ọdún tuntun? Gbogbo àmì ti dàrú mọ́ra wọn. Mo tú u títí mo fi rí tèmi: àmì ìsàlẹ̀ méjì, àmì òkè kan. Wọ́n gbóná lọ́wọ́ mi bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná. Nígbà yẹn gan-an ni òjò bẹ̀rẹ̀. Àwọsánmà ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, àga ń já bọ́, akọ̀wé ń lọ sókè, ó ń kígbe pé, "A tọrọ àforíjì, Mà, ẹ tún gbìyànjú!" Mo kan àmì mọ́ ọ̀rọ̀ mi níbi tí mo ti ń sáré, mo la ẹnu, mo pè é.

Ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi.

"Ìyá Ìfẹ́tayọ̀ ooo! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́kọ́!"

Ìyá Àdùkẹ́ tó wà lójúlé kejì ló dúró lẹ́yìn ọgbà. Ó fẹ́ kọ ebè ewébẹ̀ díẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mo nu itọ́ ẹnu mi, mo dìde, mo mú ọkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo nà án sí i lórí ọgbà.

"Ó dà bí ẹni pé mo jí yín," ó ní. "Ẹ má bínú o. Tèmi ti kú."

Obìnrin tí kò mọ̀wé kà, mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ò ṣì í lọ́nà. Ó pe ọkọ́, ọkọ́ ló gbà.

Mo padà síbi fóònù. Mo tẹ lẹ́tà "o" mọ́lẹ̀, mi ò gbé ìka kúrò, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi àmì sórí gbogbo àkọlé náà, mo fi àmì àyọlò dì í mú lọ́tùn-ún lósì, mo fi orúkọ Jòsáyà tì í. Fóònù ronú. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ni òun rí.

Kátálọ́ọ̀gì ilé-ìkàwé ni. Ìwé àtìgbàdégbà náà wà níbẹ̀ lódidi, lórí pẹpẹ kẹrin, ní yàrá ìsàlẹ̀, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa gan-an. Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, ọ́fíìsì Dókítà Fámùrewà ló wà lórí rẹ̀.

Mo wo orúkọ ọkùnrin mi lójú fóònù, àmì rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà ni mo pe Dókítà.

"Ó wà, Sà," mo ní. "Mo ti rí i."

"Ẹ ṣeun, Ìyá! Ẹ fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kíá."

Mo ní àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ni líǹkì rẹ̀, kí ó rọra máa sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì rẹ̀.