Ìran Tó Gba Àyè

Wọ́n sin Màmá Fẹ́yìsetán sí Atosin, Àdúràọlá ọmọ wọn sì padà sílé l'Ódòdé láì sunkún. Ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Àwọn ìyá ìjọ ń wò ó bíi pé ó ṣẹ̀ wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ ṣe: kí fídíò ìsìnkú náà dé orí ìkànnì ìjọ, kí Olútúndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó há sí Kánádà nítorí ìwé ìrìnnà rẹ̀ tí kò yọrí, lè rí ibi tí wọ́n tẹ́ ìyá wọn sí.

Ẹ̀rọ fàáké kọ́rí. Ó ní kò sáyè mọ́.

Àdúràọlá ló ń tọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pa ohun orí ìkànnì mọ́, tí ìjọ aládùúrà wọn àti àwọn ìjọ mìíràn jọ háyà, nítorí náà ó yẹ̀ ẹ́ wò. Sáfà kò kún rárá. Ìdajì rẹ̀ ṣófo. Ìpín ìjọ tiwọn ló tán. Ta ló jẹ ẹ́? Àwọn ìran tí Ẹ̀mí ń fi hàn wọ́n nínú ìjọ ni. Wọ́n máa ń gba ohùn gbogbo ìran sílẹ̀, òfin sì ni pé a kì í pa ìran rẹ́ àfi tó bá ti ṣẹ. Ẹ sáà mọ bí ìran ṣe ń yá ṣẹ tó! Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n rí nípa Màmá Fẹ́yìsetán nígbà àìsàn wọn: wọn yóò dìde, wọn yóò fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ilé àdúrà.

Ó pe Bàbá Adétáyọ̀, olórí ìjọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Mo fẹ́ pa àwọn ìran kan rẹ́ kí àyè lè wà."

"A kì í pa ìran tí kò tíì ṣẹ rẹ́, ọmọ mi."

"Ti Mọ́mì ni, sà. A ti sin wọ́n."

"Pa á rẹ́," ni Bàbá wí.

Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láì gbọ́ ọ̀kan. Inú rẹ̀ kò dùn, kò bàjẹ́; ó kàn ṣófo ni. Síbẹ̀, àyè tó là kò tó fídíò. Rédíò ìjọ tó ń gbé ìran sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ṣì ń lo èyí tó gùn jù nínú àwọn tó pa rẹ́, sáfà kì í sì í gba àyè ohun tí a pa rẹ́ padà títí ẹni tó ń lò ó yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀.

Kó tó pa rédíò, ó tẹ́tí. Bàbá ń sọ ìran. Ohùn ìyá rẹ̀ dáhùn, ikọ́ ń bá a jà: "Àmín! Àdúràọlá, fi wáyà yẹn sílẹ̀, ìwọ náà ṣe àmín."

Kò sí àmín Àdúràọlá níbẹ̀. Wáyà ló ń tún ṣe lọ́jọ́ náà.

Níwọ̀n ìgbà tí rédíò kò tíì jọ̀wọ́ ìran náà, ọ̀nà ṣì wà láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó ṣe é sórí fóònù rẹ̀ kó tó wá pa rédíò. Àyè là. Fídíò wọlé.

Olútúndé kọ̀wé: "Mo ti rí wọn. O ṣé, àbúrò mi. Ṣé o ti jẹun?"

Àdúràọlá gbé fóònù sétí títí ohùn ìyá rẹ̀ fi débẹ̀.

"Ìwọ náà ṣe àmín."

"Àmín, Mọ́mì," ni ó wí, ó sì bú sẹ́kún.