Ohun Tí A Kọ Sára Páálí

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!"

Kí Òǹkọ̀wé tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ìyá Téèpù ti fi rúlà gbá a lẹ́yìn ọwọ́, pàá. Ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń dìde dúró kí, fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Kò fẹ́ jí nǹkan o. Ó kàn fẹ́ fi ìka kan téèpù tó wà lórí ẹ̀rọ náà, kó lè mọ bó ṣe rí lọ́wọ́.

"Òógùn ọwọ́ ẹ ló máa bà á jẹ́," ni ìyá àgbà náà wí. "Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀. Kò ní jẹ́ òní ló máa bà jẹ́."

"Ẹ má bínú, mà."

"N ò bínú. Mo kàn gbá ẹ ni."

Yàrá náà wà ní àjà kejì sítúdíò àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ tì pa. Páálí téèpù ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ títí kan òkè, páálí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi gègé dúdú kọ nǹkan sí létí. Ìyá Téèpù ló ń tẹ ẹ̀rọ níbẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́bìnrin. Orúkọ rẹ̀ gan-an, díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí gbogbo olórin mọ̀ ni pé téèpù kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí tí ilé fẹ́ wọ ọwọ́ ẹlòmíràn, ó ń ránṣẹ́ pe àwọn tó ni téèpù lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá kó ẹrù wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé olórin kan, Mànàmáná, bí ló pè. Obìnrin náà wà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì lọ́rùn, àpò rẹ̀ lórí àga kejì, nítorí ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò pe Òǹkọ̀wé. Òun ló gbọ́ fìnrín tó sì gbé ara rẹ̀ wá.

Ó nídìí tó fi wá. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ó kọ ìwé ìtàn ayé Mànàmáná, onígìtá rọ́ọ̀kì tí ariwo rẹ̀ máa ń mú kí gíláàsì ojú fèrèsé gbọ̀n. Ìwé ọ̀hún ta wàràwàrà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwo tí Mànàmáná ṣe kẹ́yìn kò ní ohùn èèyàn kankan nínú, gìtá nìkan ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo ayé ló sì ń bèèrè ìdí. Òǹkọ̀wé ló fún wọn lésì. Ó ní ìdí máìkì ni ọkùnrin náà dúró sí tí wọ́n fi wá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kú níbi tó ti ń rọbí. Ó ní ó la ẹnu, nǹkan kan kò jáde, kò sì kọrin mọ́ títí òun náà fi kú ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀rí rẹ̀ ni àwòrán bàìbàì kan tí ọ̀rẹ́ olóògbé fún un, àwòrán páálí téèpù ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lára rẹ̀, ní lẹ́tà ńláńlá: OHUN KU.

Ló bá sọ ìwé náà ní *Ọjọ́ Tí Ohùn Kú*.

Àwọn akọ̀ròyìn da ìtàn náà kọ láti inú ìwé rẹ̀. Nígbà tó tún ìwé tẹ̀, òun náà tọ́ka sí àwọn akọ̀ròyìn wọ̀nyẹn pé wọ́n jẹ́rìí sí i. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ìwé náà, ẹlẹ́rìí pọ̀ lọ súà. Ní ti àwo orin fúnra rẹ̀, tí a bá ní ká sòótọ́, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí Òǹkọ̀wé ti gbọ́ ọ dé òpin. Kí ló fẹ́ gbọ́ níbẹ̀ mọ́? Ó ti mọ ohun tó máa sọ nípa rẹ̀.

Ìtẹ̀jáde kẹta ló wà nílé ìtẹ̀wé báyìí. Olóòtú ń dúró de àwòrán páálí náà, èyí tó mọ́ kedere, tí wọ́n máa fi ṣe iwájú ìwé. Kò gbọdọ̀ kọjá aago méjì ọ̀sán.

Òǹkọ̀wé gbé páálí náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi fóònù yà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá yíjú sí Nọ́ọ̀sì. Ohùn ìwàásù ló fi sọ̀rọ̀.

"Òun rèé o. Ibi tí gbogbo ẹ̀ parí sí nìyí."

Nọ́ọ̀sì ti kí i dáadáa nígbà tó wọlé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti gbọ́ ẹni tó jẹ́, ńṣe ló ń wò ó bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo egbò tí wọn ò fọ̀ dáadáa.

"Ibi tí kí ni parí sí?" Ìyá Téèpù ló bèèrè.

"Ibi tí ohùn kú sí, mà. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà kọ ọ́."

"Ibi tí kí ni kú sí?"

"Ohùn, mà. Ohùn kú." Ó fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Téèpù gba páálí náà, ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ó jókòó tán, ó tún ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìdí tó o fi sọ ìwé ẹ lórúkọ burúkú yẹn nìyí? Mo rò pé òwe lò ń pa ni! Wá wo nǹkan."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa páálí yọ, ó ń kó wọn lé e lápá. ILU KU. FEERE KU. GITA KU. Lára ọ̀kan, ó kọ ÒMÌNIRA síbi orúkọ orin pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, nítorí olórin ló bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, BEESI KU ló wà, gàdàgbà, láìní àmì kankan.

"Ìlù kú? Fèrè kú? Béèsì náà kú? Ṣé sítúdíò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ni àbí itẹ́ òkú? Ohùn *kù*, ọmọ mi! A ti gba gìtá tán, ohùn ló kù. Kí ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì lè mọ ibi tí mo bá iṣẹ́ dé. Mi ò ráyè àmì, iṣẹ́ ń lé mi."

Etí Òǹkọ̀wé gbóná. Ojú-ewé méjìlélógún ló fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Ó ti fi gbapò, ó ti fi rìnrìn àjò, ó ti dúró níwájú èrò tó sì fi wọ́n pa èèyàn lẹ́kún. Ìyá yìí sì wà láàyè látọjọ́ yìí, ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé rẹ̀. Kí ló dé tí kò fi wá bi í? Ó mọ ìdí, ojú sì tì í láti mọ̀ ọ́n. Ìtàn náà ti dùn jù. Ó ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè bà á jẹ́.

"Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀ kú lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́, mà," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọjọ́ kẹta ẹ̀ ló kú. Lọ́jọ́ tí mo kọ nǹkan yìí, ó wà níbí pẹ̀lú wa. Òun ló gbé oúnjẹ wá. Ó ń bá wa jà pé ariwo wa ń mú kí ọmọ inú òun máa ta ẹsẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbórí sókè. "Màmá mi wá síbí?"

"Àga tó o jókòó lé yẹn ló jókòó lé."

Nọ́ọ̀sì wo abẹ́ ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga náà mú, jẹ́ẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Òǹkọ̀wé ló yíjú sí.

"Sà, ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo ka ìwé yín. Kó tó dìgbà yẹn, ohùn kan wà tí mo máa ń rántí. Kì í ṣe etí ni mo fi ń rántí ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Bíi pé mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àyà ẹnì kan, tí orin ń bá ibẹ̀ jáde. Ìwé yín wá ní kò kọrin mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo ní, á jẹ́ pé àlá ni mo lá. Mo gbà yín gbọ́. Mo fi í sílẹ̀. Àwọn èèyàn sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni mo gba ohùn lẹ́nu bàbá mi."

Òǹkọ̀wé la ẹnu. Nǹkan kan kò jáde.

"Mà," ni Nọ́ọ̀sì wí, "ohùn tó kù yẹn, ṣé wọ́n padà wá gbà á?"

"A gbà á o. Òun ló wà lórí ẹ̀rọ yìí láti àárọ̀. Kí lo rò pé mo torí ẹ̀ pè ẹ́?"

Ìyá Téèpù sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí ẹni ń sọ ohun tó rà lọ́jà. Nígbà tó pé oṣù kan, Mànàmáná wọlé, ó so ọmọ mọ́ àyà. Gbogbo wọn ní kó jẹ́ káwọn bá a gbé e, ó kọ̀. "Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ariwo yín á jí i o.' Ó ní, 'Mi ò ní pariwo.'" Ó kọ orin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo náà gbọ́ ọ, ó ní èyí kì í ṣe Mànàmáná, ìgbe lòun sanwó fún, kó lọ tún un kọ. Olórin ní òun ti ké tó, òun ò ké mọ́. Bí ọ̀gá ṣe yọ ohùn kúrò nìyẹn, tó tẹ gìtá nìkan jáde. Ìjà ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ariwo féré bí òjò kékeré. Ẹnì kan wú ikọ́. Gìtá tí Òǹkọ̀wé rò pé òun mọ̀ látòkè délẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí fún ìgbà àkọ́kọ́ pé gìtá náà máa ń dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yẹra lọ́nà fún ẹlòmíràn. Nínú ìwé, "àlàfo ikú" ló pe àwọn ibi wọ̀nyẹn. Ohùn wá wọlé, ó jókòó sínú àwọn àlàfo náà wẹ́kú.

*Rọra máa tẹlẹ̀, ilẹ̀ ṣì tutù.
Rọra máa bọ̀, mo ti ṣílẹ̀kùn.*

Ohùn kékeré ni. Ohùn ọkùnrin tí gíláàsì ń gbọ̀n fún, ló rọ̀ báyìí, tó fi jẹ́ pé èèyàn ní láti dá èémí dúró kó tó gbọ́ ọ. Ọwọ́ Òǹkọ̀wé ti wọ àpò lọ wá ìwé kékeré rẹ̀, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó wá ọ̀rọ̀. *Ìbànújẹ́*? Kì í ṣe ìbànújẹ́. *Ọgbẹ́ ọkàn*? Ọgbẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò kọrin nítorí ọgbẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti fi jẹun láti ọdún méjìlá wá, kò sí ọ̀kan tó tọ́ láti gbé síwájú nǹkan yìí. Orí rẹ̀ wú.

Láàárín ẹsẹ kejì, ìkókó kan sín lórí téèpù náà.

"Pẹ̀lẹ́," ni olórin wí.

Kò dá orin dúró. Ó wí i nínú àlàfo, ó sì padà sórí ìlà tó kàn láìpàdánù ohunkóhun, ẹ̀rín díẹ̀ nínú ohùn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Èmi nìyẹn," ló wí. "Èmi ni mo sín yẹn."

Orin parí. Téèpù ń yí lásán. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ bí ẹni tí àlejò pàtàkì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dọ̀ wọn, tí wọn ò tíì fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé.

Fóònù Òǹkọ̀wé ló dún. Olóòtú ni.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ ti gbóná o. Gbogbo nǹkan ti pé. Kí ló kù?"

Òǹkọ̀wé wo páálí tó wà lórí tábìlì, ó wo obìnrin aláṣọ funfun tó jókòó lórí àga ìyá rẹ̀. Odindi ìwé ló kọ, kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ohùn kù," ló wí.

"Ẹ mà ti kọ ìyẹn síwájú ìwé, ọ̀gá."

"Rárá. Mi ò tíì kọ ọ́. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró."

Ó pa fóònù náà pátápátá. Ìyá Téèpù ti ń yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Ṣé mo lè bá yín gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i?" Òǹkọ̀wé bi Nọ́ọ̀sì léèrè. Ó ti ki ìwé kékeré náà bọ àpò padà.

Nọ́ọ̀sì wò ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí àga kejì, ó sì gbé e sílẹ̀.