Ọ̀ọ́dúnrún Ìṣísẹ̀ Ó Lé Méjìlá

Ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ ó lé méjìlá ni ó wà láàárín ẹnu ọ̀nà yàrá Fàwásì àti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà kí ó tó gba yàrá. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni ó wọ̀n ọ́n, nígbà tí oòrùn ti lé tọmọdé tàgbà wọ inú ilé, tí kò sì sí ohun alààyè kan ní ìta bí kò ṣe ewúrẹ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ti gùn tó ní àdúgbò àtijọ́ ní Sokodé, ní ilẹ̀ Togo, kí ó má ṣe ka ìṣísẹ̀. Ẹnu ni kí ó kà.

Ọmọ Kambolé ni Fàwásì. Fún ọdún méjì gbáko ni ó fi gbé létí títì ńlá, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń fi ariwo jí i, tí kò sì lè ra iyọ̀ láìgun alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì. Nàfísátù ìyàwó rẹ̀ kọ̀, kò bá a wá. Ìgbà kan ṣoṣo ni obìnrin náà gun zẹ́mì rí, láti Kambolé lọ sí Tchamba, inú oko iṣu ni zẹ́mì sì gbé e lọ, ó sì fi orí rẹ̀ wó ebè mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni ó ti sọ pé, “Ọjọ́ tí o bá rí ilé tí mo lè fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ọjà láti ibẹ̀, ọjọ́ náà ni kí o pè mí. Títí di ìgbà náà, máa se ẹ̀wà rẹ fúnra rẹ.” Ẹ̀wà tí Fàwásì sì ń sè, ewúrẹ́ pàápàá kì í jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ó rí yàrá yìí, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ó jogún. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn, tí ooru kì í ráyè wọ̀. Ogójì ìṣísẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí. Igba ìṣísẹ̀ sí ọjà ńlá. Ojú ọ̀nà àárín ilé dín tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ méjì kò lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má fi ẹ̀yìn rìn padà. Ó ránṣẹ́ sí Nàfísátù, ìyẹn sì fèsì pé bí àwọn bá ti wa iṣu tuntun tán, òun yóò dé.

Àlájà Ràhámátù ni ó ni ilé náà. Ọmọ ẹ̀yà Tem tí ó ni Sokodé ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n Kambolé ni wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ níyàwó; nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá dé ìdí, ó sì lè fi bú ènìyàn láìṣì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè.

“Òfin kan ni mo ní,” ni Àlájà wí ní ọjọ́ tí ó fún un ní kọ́kọ́rọ́. “Àdúgbò yìí ti wà kí wọ́n tó bí baba mi. Ìkíni ni wọ́n fi mọ ọ́n, amọ̀ kàn tẹ̀ lé e ni. Ẹni tí ó bá fo aládùúgbò mi kọjá láìkí i, kí ó máa di ẹrù rẹ̀.”

“Mo gbọ́, Àlájà.”

“Tíṣà tí ó gbé inú yàrá yìí kẹ́yìn náà sọ pé òun gbọ́.”

Ó pẹ́ kí Fàwásì tó mọ bí tíṣà náà ti ṣe lọ. Wọ́n kò lé e. Wọ́n bá a gbé ibùsùn rẹ̀ dé títì, gbogbo àdúgbò sì ń kí i pé ó dàbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí wọ́n kírun àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Wọ́n ní ìgbà tí yóò fi ráyè lọ, ó ti ń sunkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, Fàwásì jáde ní agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀. Bàbá Sàídù, àgbàlagbà tí ń rán fìlà, ti jókòó ní igun ọ̀nà.

“Ẹ kú àárọ̀, Bàbá.”

“Fàwásì! Ṣé o jí?”

“Mo jí, Bàbá.”

“Ṣé dáadáa ni o jí?”

“Dáadáa ni.”

“Ará Kambolé ńkọ́?”

“Wọ́n wà, wọ́n ní kí n kí yín.”

“Iṣu wọn ńkọ́?”

“Ó ń ta, Bàbá.”

“Àgbàdo ńkọ́?”

“Ó ti yọmọ.”

“Àwọn ọ̀bọ tí ń jẹ àgbàdo náà ńkọ́?”

Fàwásì ní láti sọ pé ara àwọn ọ̀bọ náà le. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni ó tún rìn tí ó fi kan Jàríátù, ìyá tí ń ta kókò, ìyẹn ògì gbígbóná. Ewúrẹ́ Jàríátù lóyún, oyún náà sì ní ìtàn. Ìgbà tí Fàwásì yóò fi gba ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn kọjá, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ.

Èyí kì bá tí burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ Fàwásì ni kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ wà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn àgbàdo fún àwọn àgbẹ̀. Agogo méje ni kí ilẹ̀kùn ṣí. Mìsíọ̀ Dúrósinmí, ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin tí ń lọ aṣọ ìnujú rẹ̀ pàápàá, ti jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpò lé itan bí ẹni tí ń dúró de ìdájọ́.

“Fàwásì, níbo ni o ń gbé?”

“Ẹ̀yìn ògiri tí ẹ ń wò yẹn ni, ọ̀gá.”

“Ẹni tí ń ti Tchamba bọ̀ ti dé tipẹ́tipẹ́. Bí o bá tún pẹ́ títí ọ̀sẹ̀ yìí yóò fi parí, Tchamba ni n ó gbé ọ lọ, kí ìwọ náà lè máa tètè dé.”

Ìdààmú bá Fàwásì. Bí ó bá kí wọn, iṣẹ́ yóò gbé e kúrò nínú yàrá. Bí kò bá kí wọn, Àlájà yóò lé e kúrò nínú yàrá. Lọ́nà méjèèjì, ẹ̀wà tirẹ̀ ni yóò máa jẹ títí ayé. Ó ronú títí, ọgbọ́n kan sì sọ sí i lọ́kàn. Ní ọjọ́ kejì, ó fi láwàní wé gbogbo ojú, ó pe zẹ́mì wá sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba sẹ́yìn awakọ̀, wọ́n sì gba àárín àdúgbò kọjá bí ìjì. Ìṣẹ́jú méjì péré ni. Mìsíọ̀ Dúrósinmí wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sétí láti gbọ́ bóyá ó ti kú.

Ohun tí Fàwásì kò mọ̀ ni pé ní àdúgbò náà, kò sí ẹni tí ń gun alùpùpù láàárín ilé, àfi ẹni tí ó mú ìròyìn òkú wá tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Ẹni tí ó mú ìròyìn òkú wá yóò dúró. Èyí kò dúró. Láwàní kò sì lè bo àpò awọ rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ gígùn yọ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ó dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kún inú ìloro Àlájà.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o!” ni wọ́n ń wí lápapọ̀.

Àlájà dìde, ojú rẹ̀ rọ̀. “Ọmọ yìí, èmi ti fẹ́ máa bínú. Mo ní, ‘Ó fò wá kọjá!’ Bàbá Sàídù ni ó ní kí n ṣe sùúrù, pé ẹni tí ó ti Kambolé wá kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́, ẹsẹ̀ ni yóò máa dùn ún. Ṣé ẹsẹ̀ ni?”

Fàwásì wo ojú wọn. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó rántí Nàfísátù.

“Ẹsẹ̀ ni,” ni ó wí.

Báyìí ni irọ́ náà ṣe rí ilé gbé, kò sì san owó ilé. Kókò ń wọlé láàárọ̀, ọbẹ̀ ń wọlé lálẹ́, àdúrà ń wọlé ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Zẹ́mì ń gbé e lọ, wọ́n sì ń ké pe awakọ̀ pé kí ó rọra. Ìṣòro Fàwásì kan ni pé kò rántí ẹsẹ̀ tí ń dùn ún. Ní ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ń fà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fa ti òsì.

Jàríátù pariwo. “Yéè! Àìsàn náà ti ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì!”

Oníṣòwò iṣu kan gbọ́ ọ ní Sokodé, ó gbé e dé ọjà Tchamba, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ kan ti di méjì. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Kambolé, Fàwásì kò lè dìde mọ́, àpò àgbàdo ni wọ́n fi ń gbé e kiri.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, Fàwásì ń mura iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ ohùn kan nínú ìloro. Ìyá Sìkírátù ni, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, obìnrin tí ń to eegun. Láti Kambolé títí kan ẹnubodè Benin, kò sí orúnkún tí ó kígbe tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé igbá òrí lọ́wọ́, ó fi okùn kọ́rùn, ó di ọ̀pá pẹlẹbẹ mẹ́rin mọ́ abíyá.

“Ọmọ mi dà?”

“Ìyá, ẹ káàárọ̀. Ara mi ti ń yá...”

“Dákẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ń yá kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí. Èwo ni ó ń dùn ọ́?”

“Ọ̀tún,” ni Fàwásì wí.

“Òsì ni,” ni Jàríátù wí láti ẹnu ọ̀nà.

“Mo gbọ́ pé méjèèjì ni,” ni Ìyá Sìkírátù wí. “Ẹ bá mi dì í mú.”

Àlájà káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. “Ìyá, ẹ wò ó dáadáa fún mi. Nítorí bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí ó fi ń fò wá kọjá, òní yìí ni a óò bá a di ẹrù.”

Ìyá Sìkírátù di ọ̀pá méjì mọ́ ẹsẹ̀ òsì, ó fi òrí pa ọ̀tún, ó tutọ́ sọ́wọ́, ó sì di orúnkún náà mú bí ẹni tí yóò fa gbágùúdá tu. Fàwásì rántí pé ní ìgbà èwe òun, ọkùnrin kan wà ní Kambolé tí obìnrin yìí wò sàn, ọkùnrin náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ òun lọ́wọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Kí a tó ṣẹ́jú, Fàwásì ti fò sókè. Ó gbá àpò kọ́kọ́rọ́ mú, ó gba àárín ẹsẹ̀ Bàbá Sàídù tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ sí ìta, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ọ̀pá méjì ń ró gbà, gbà, gbà lára ògiri. Ṣùgbọ́n ènìyàn ti tò sí ẹnu ọ̀nà ilé gbogbo, ọmọ Kambolé kò sì lè rí àgbà kí ó pa ẹnu mọ́, bí ẹkùn tilẹ̀ ń lé e.

“Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Ìmáàmù! Ẹ jíire, Ìyá Ìbejì! Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin baba! Jàríátù, ewúrẹ́ ńkọ́?”

“Ó bí méjì!” ni Jàríátù ké, ó ń sáré tẹ̀ lé e.

“Ọlọ́run yóò dá wọn sí! Bàbá Sàídù, ọ̀bọ kí yín!”

Ó fi èjìká ṣí ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ ní ìgbà tí agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí Mìsíọ̀ Dúrósinmí dé, ó bá a tí ó ń fi ọ̀pá lẹ́sẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó wo ọ̀pá náà, ó wo aago, ó sì rò pé ohun tí ó bá mú ènìyàn tètè dé kì í ṣe ohun tí ọ̀gá ń bèèrè ìdí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Fàwásì fi ẹsẹ̀ rìn padà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ìloro.

“Àlájà, ẹ jọ̀wọ́. Irọ́ ni mo pa. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹsẹ̀ mi. Ìkíni àárọ̀ ni mo ń sá fún, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá ní kí n lọ, n ó lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò ní wá mọ́.”

Àlájà yíjú sí àwọn aládùúgbò.

“Ẹ̀yin tí ó gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá láàárọ̀ yìí, ta ni kò kí nínú yín?”

Kò sí ẹni tí ó nawọ́.

“Ó tilẹ̀ bèèrè ewúrẹ́ mi,” ni Jàríátù wí.

“Ọ̀bọ náà kí mi,” ni Bàbá Sàídù wí, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi.

Àlájà mí kanlẹ̀. “Ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ tí ó sì ń gun zẹ́mì, òpùrọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sá fún ikú tí kò gbàgbé ìkíni, ọmọ ilé ni. Máa gbé yàrá rẹ. Láàárọ̀, o lè máa kí wa lórí ìrìn. Ní ìrọ̀lẹ́, kí o jókòó san ìyókù.”

“Irọ́ wo ni ó pa?” ni Ìyá Sìkírátù dá a lóhùn, inú ń bí i. “Arọ ni mo bá, mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sáré! Kí ẹnikẹ́ni má ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́!”

Kò sí ẹni tí ó lè jà á níyàn, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n rí eré náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá mẹ́rin ti mú orúnkún wá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ìyá Sìkírátù ti gba yàrá tí ó kángun sí ti Fàwásì. Láràárọ̀ ni ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá òrí, tí ó ń bi í pé, “Ẹsẹ̀ ńkọ́?” Ibi yìí nìkan ni Fàwásì kì í dúró.

Nàfísátù dé lẹ́yìn ìkórè, tòun ti iṣu tuntun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé agbọ̀n, ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara òun rìn lọ sí ọjà ra ata. Igba ìṣísẹ̀ ni. Fàwásì lọ sí ibi iṣẹ́, ó ṣiṣẹ́, ó kírun ọ̀sán, ó padà wá sílé. Ìgbà tí ó jókòó tán ni ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, agbọ̀n rẹ̀ sì ṣófo.

“Fàwásì,” ni ó wí, “o kò purọ́ fún mi. Ọjà yìí kò jìnnà rárá. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀.”