Orúkọ Tó Há sí Gbádégẹṣin Lẹ́nu

Mo ń fọ eyín Gbádégẹṣin nínú abọ́ tánganran kan. Eyín iwájú rẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ sì ṣì wà ní gbòǹgbò wọn. Òun fúnra rẹ̀ jókòó síwájú mi lórí àga tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì, a sì ń bá iṣẹ́ wa lọ. Ẹnikẹ́ni kò tíì lù ú nígbà náà. Ọgbẹ́ náà kàn ṣáájú lílù dé ni, kò sì ya èmi tàbí òun lẹ́nu.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn akólòlò. Gbádégẹṣin ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, orúkọ ara rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tó máa ń há sí i lẹ́nu jù. Tó bá ti fẹ́ pè é, ètè rẹ̀ á dì pọ̀, ọrùn rẹ̀ á wú, ojú rẹ̀ á pọ́n, a ó sì máa dúró. Dídúró yẹn ni olórí iṣẹ́ mi. N kì í bá aláìsàn parí ọ̀rọ̀. N kì í sọ fún un pé kó fara balẹ̀. Mo máa ń wo ojú rẹ̀, mo máa ń dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ á fi jáde fúnra rẹ̀.

Dígí tí mo gbé sórí tábìlì kó lè máa wo ètè rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó pè mí bí àwọn aláìsàn mi ṣe máa ń pè mí, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ti dé o."

Ògiri ọ́fíìsì rọra yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà kọjá. Èrò wọlé. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni yàrá náà ń di gbàgede àwọn mẹkáníìkì, tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì ọkọ̀. Wọ́n wọ́ Gbádégẹṣin kúrò lórí àga. Wọ́n fi igi lù ú, wọ́n fi bẹ́líìtì lù ú, ẹnì kan sọ bulọ́ọ̀kù lù ú lẹ́yìn. Apá òsì rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ tí a ṣẹ́ sí méjì. Wọ́n ní ó jí ọ̀kadà. Ọ̀kadà náà wà níbẹ̀, ó ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò jí òun, pé ẹni tó ni òun ló gbàgbé ibi tó gbé òun sí. Wọ́n ní kó dákẹ́, pé àwọn kì í gba ẹ̀rí lẹ́nu irin.

Ìyá Sítírátù ló ń darí wọn. Bẹntiróòlù ló ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, ó sì ru kẹ́ẹ̀gì kan sórí bí obìnrin tó ń ti odò bọ̀. Ó ní òfin àwọn kò le. Kí ọkùnrin náà sọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ láìdúró, kó sì máa lọ sílé rẹ̀. Tí kò bá lè sọ ọ́, olè ni, àwọn yóò dáná sun ún.

"Ta ni ọ́?" ló bi í.

Gbádégẹṣin la ẹnu. Ètè rẹ̀ dì pọ̀. Ọrùn rẹ̀ wú.

"Ẹ wò ó, orúkọ ló ń hùmọ̀ lọ́wọ́," ni Ìyá Sítírátù wí. "Ẹni tí bàbá rẹ̀ sọ lórúkọ kì í wá orúkọ káàkiri inú ẹnu."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi sípánà gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ sì fò jáde. Mo wo inú abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, mo rí i pé ó ti ṣófo.

Wọ́n fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Táyà náà mọ̀ ọ́n. Ó sọ sí i létí pé, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ lẹ̀ mí lọ́jọ́ òjò. Ẹ má bínú sí mi, wọ́n gbé mi wá ni." Èmi àti Gbádégẹṣin nìkan ló gbọ́.

Bàbá mi ti àárín èrò jáde, ó mú ìṣáná lọ́wọ́. Ó ti kú tipẹ́. Aṣọ funfun tí a fi sin ín ló wà lára rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ sì kún etí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì, ó ní kí n dìde.

Akólòlò ni èmi náà nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi gbà pé ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun bí eegun ẹja, pé ìgbátí ló lè tú u. Bí mo bá ti dúró lórí ọ̀rọ̀, sálúbàtà rẹ̀ á ba ẹnu mi. Ètè mi òkè bẹ́ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tọrọ omi. Ó tún bẹ́ lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí mo fẹ́ kí i kú ọdún, tí ẹran àgbò ṣì wà lórí iná. Mo ti dàgbà, mo ti ń lọ sílé-ìwé alẹ́, kí n tó rí olùkọ́ tó dúró dè mí.

"Aláìsàn rẹ nìyí?" ni bàbá mi bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ó lè sọ ọ́?"

"Ó lè sọ ọ́, tí wọ́n bá dúró."

Bàbá mi wo àwọn èrò náà yíká. "Wọn ò ní dúró," ló wí, bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Ìyá Sítírátù ti ń da bẹntiróòlù sí Gbádégẹṣin lórí. "Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ló wí. "Bẹntiróòlù tèmi ò mọ bó pẹ́. Bó yá nìkan ló mọ̀."

Mo rí orúkọ náà tó ń bọ̀. Mo mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ jáde, bí agbẹ̀bí ṣe ń mọ ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ yọ orí. Gbogbo ìgbà tó bá ti yọ orí ni ẹnì kan á gbá a lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà á sì padà wọlé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáwọ́ dúró díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ọ̀nà kan ṣì wà nínú iṣẹ́ wa. Bí akólòlò bá bá ẹlòmíràn jọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀, tí ẹnu àwọn méjèèjì ń lọ bákan náà, kì í kólòlò. Ẹni tí kò lè kí ará ilé rẹ̀ láàárọ̀ máa ń bá ìjọ ka àdúrà láìkọsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú bẹntiróòlù, mo di ọwọ́ rẹ̀ tí kò dá mú. Mo mí, òun náà mí.

"Gbádégẹṣin ni mí, ará Ìkìrun," ni a jọ wí.

Ó jáde geere. Gbádégẹṣin fi èrìgì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo rò pé ó ti parí.

Ìyá Sítírátù sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀.

"Ẹ gbọ́ fúnra yín," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì jọ sọ tí kò yẹ̀ lórí ara wọn, ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ wá. Tíṣà àwọn olè la rí yìí. Ẹ gbé táyà mìíràn wá."

Mo rí àṣìṣe mi nígbà náà. Nínú yàrá mi, oògùn ni kí a jọ sọ ọ̀rọ̀. Lójú èrò, ìmọ̀ràn ọlọ́ṣà ni.

Wọ́n fi irin fọ́ orúnkún mi. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́, kò sì dùn mí. Táyà tí wọ́n fi sí mi lọ́rùn kò bá mi sọ̀rọ̀, nítorí kò mọ̀ mí. Bẹntiróòlù tutù lára mi bí omi àárọ̀ ìgbà ọyẹ́.

Gbogbo ojú wà lára mi. Kò sẹ́ni tó ń wo Gbádégẹṣin mọ́. Ló bá sọ ọ́, òun nìkan, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka nǹkan tí wọ́n kọ sára ògiri. "Gbádégẹṣin ni mí, ará Ìkìrun."

Bàbá mi gbọ́ ọ. Ó bọ́ táyà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì fọwọ́ júwe ọ̀nà fún un. Ìyá Sítírátù náà kò jiyàn. Ó ní, "Ó dàbọ̀, ará Ìkìrun. Bá wa kí wọn nílé."

Gbádégẹṣin yíjú sí mi. Ó fẹ́ sọ nǹkan. Ojú ti wà lára rẹ̀ báyìí, ètè rẹ̀ sì tún dì. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, n kò bá a sọ ọ́. Wọ́n tì í síta kó tó jáde, ó sì ń lọ, apá rẹ̀ ń mì fìrìfìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí n kò fi rí i mọ́.

"Ó ku ìwọ, Tíṣà," ni Ìyá Sítírátù wí. "Ta ni ọ́?"

Mo la ẹnu. Ètè mi dì pọ̀. Ọrùn mi wú. Orúkọ tí bàbá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ mí ni, ó wà lẹ́yìn eyín mi, kò jáde. Ọkùnrin kan gbé sípánà sókè. Bàbá mi gbé ọwọ́ kan sókè sí i, ọkùnrin náà sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú sípánà lókè orí.

Bàbá mi ṣá ìṣáná. Gbogbo wọn sún sẹ́yìn kó lè jù ú lù mí. Kò jù ú. Ó mú un dání, ó ń wo ẹnu mi. Kò ní kí n fara balẹ̀. Kò pe orúkọ náà fún mi, bẹ́ẹ̀ òun ló fún mi. Iná jẹ igi ìṣáná náà tán, ó dé èékánná rẹ̀, ó wọ inú ẹran. Ọ̀rá rẹ̀ ń ro sílẹ̀, òórùn ẹran sísun sì gba gbogbo gbàgede. Nígbà tí ìka náà jó tán, iná náà bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì jù ú nù. Ó ń wò mí. Ó ń dúró. Mo ṣì wà lórí lẹ́tà àkọ́kọ́.