Ẹni Tó Ń Tọ́jú Bàtà

Ọjọ́ tí ọkọ mi bá ń sinmi ni mo kórìíra jù nínú ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tó bá sáré, yóò ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò wọlé pẹ̀lú òógùn, yóò wẹ̀, yóò jẹun bí ẹni tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, yóò sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Gbogbo wa á ráyè mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsinmi, àfi bíi pé wọ́n ta ata sí i lára. Yóò jókòó, yóò dìde. Yóò ṣí fèrèsé, yóò tì í. Yóò bá mi ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀, kò ní ká a dáadáa, èmi náà ni màá tún un ká. Yóò bi mí bóyá nǹkan kan wà tó yẹ kó lọ rà. Bí mo bá ní kò sí, yóò lọ yẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù wò fúnra rẹ̀, bóyá ó lè rí ohun tó tán.

Télọ̀ ni mí, inú ilé ni mo sì ti ń rán aṣọ. Maṣíìnì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, òun ló gba ibi tó dára jù nínú yàrá wa. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń kun ọ̀dà sára ilé onílé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń gun àkàsọ̀ tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn tó ti sáré ní kùtùkùtù, kó tó tún lọ sáré nírọ̀lẹ́. Bàbá Yára làwọn aládùúgbò ń pè é. Kò sẹ́ni tó rí i rí kó rìn lọ síbì kan bí ọmọ èèyàn. Ọmọ kan la bí, obìnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, ìwà bàbá rẹ̀ yìí ló sì mú wáyé: bẹ́ẹ̀dì kì í gbà á. Àfi kó sùn lórí àyà èèyàn, ẹni náà ò sì gbọdọ̀ mira. Tó o bá fi ìka kan mì pẹ́nrẹ́n, ó ti lajú. Àyà mi ló máa ń sùn sí, torí àyà bàbá rẹ̀ kì í dúró sójú kan.

Ẹgbẹ́ eléré tí ọkọ mi wà ní àṣà kan tí mi ò gbọ́ níbòmíràn rí. Kóòṣì wọn, bàbá àgbà kan tó sáré títí tí orúnkún fi kọ̀ fún wọn, kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu eléré gbọ́ tó bá ti di ti ìsinmi. Wọ́n ní kò sí eléré tí kì í purọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó jókòó. Nítorí náà, nínú ilé eléré kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ló ń tọ́jú bàtà. Bí ìsinmi bá ku ọ̀la, eléré á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé bàtà eré rẹ̀ fún ẹni náà, ẹni náà á sì tì í mọ́ ibi tó bá wù ú. Tí Kóòṣì bá pàdé ẹni náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi í: ṣé bàtà sùn? Ohun tó bá wí ni wọ́n á gbà. Wọn ò tiẹ̀ ní wojú eléré.

Èmi ni mò ń tọ́jú bàtà ọkọ mi. Inú àpótí tí mò ń kó àjákù aṣọ sí ni mò ń tì í mọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́rùn mi pẹ̀lú téèpù tí mo fi ń wọn àyà oníbàárà. Níbẹ̀rẹ̀, mo rò pé iyì ni. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé wọ́n ti sọ mí di wọ́dà, ẹlẹ́wọ̀n mi sì ń bá mi jẹun nínú abọ́ kan náà.

Lọ́dún yìí, wọ́n yàn án. Eré ọlọ́nà jíjìn tó tóbi jù nílùú wa máa ń gba títì iwájú ilé wa kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wọn lè fi síbẹ̀, Kóòṣì sì mú ọkọ mi. Kí n tó fẹ́ ẹ ló ti ń lé eré yìí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé nọ́ńbà tí yóò lẹ̀ máyà lé e lọ́wọ́, ó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí sùn bí ọmọdé. Èmi náà yọ̀, kí n má tàn yín. Mo rán ṣòkòtò péńpé tuntun fún un, mo sì rán ojú ibi tó ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa ya lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ojúgun òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Mo máa ń rí i tó ń fọwọ́ pa á lábẹ́ tábìlì. Tí mo bá béèrè, á ní àkàsọ̀ ló fà á. Láàárọ̀, tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀, á dúró, á mí kanlẹ̀, kó tó gbé òsì sílẹ̀. Nígbà tó di pé ó ń tiro, Kóòṣì wá sílé wa, wọ́n tẹ ojúgun náà, wọ́n sì sọ ọ́ fún àwa méjèèjì láìfi bọpo bọyọ̀: ó ti rẹ eegun yẹn, bí kò bá rí ìsinmi gidi, yóò sán. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan tí kò gbọdọ̀ sáré rárá, kò sì gbọdọ̀ gun àkàsọ̀. Tí ojúgun bá rọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, á sá eré náà. Tí kò bá rọ̀, ẹlòmíì á gba nọ́ńbà.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan. Èmi tí ọjọ́ kan ṣoṣo ń fẹ́ẹ́ ya mí ní wèrè. Níbi iṣẹ́, wọ́n gbà fún un kó máa jókòó sórí garawa, kó máa kun ìsàlẹ̀ ògiri. Tó bá délé, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó fọ fèrèsé. Ó gbé àga láti ibí lọ sí ọ̀hún, ó tún gbé e padà. Ó dúró sẹ́yìn mi bí mo ṣe ń rán aṣọ, tó ń fi ìka lu ògiri, títí mo fi rán apá aṣọ oníbàárà kan sódì. Mo tú u palẹ̀, mo sì sọ fún un pé tí kò bá kúrò lẹ́yìn mi, màá rán òun náà mọ́ kọ́tìnì. Kò rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ìyẹn, ó ní búrẹ́dì ti tán. Búrẹ́dì ò tán. Mo ní kó máa lọ, torí ìdákẹ́jẹ́ tí màá rí. Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀ lọ, bàtà líle tí ọ̀dà ti kán sí títí èèyàn ò fi mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó wọlé, ó ti nu ojú rẹ̀ gbẹ, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ó ń ròyìn bí èrò ṣe pọ̀ tó nílé oníbúrẹ́dì. Ó gbé búrẹ́dì lé tábìlì, búrẹ́dì ti rún pẹ̀tẹ̀ lápá kan. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ́ bàtà.

Kò tètè bọ́ ọ tán. Ìyẹn ni mo fi gbójú sókè. Bàtà iṣẹ́, ọkọ mi kì í so ó dáadáa láé. Kókó kan gbẹ̀fẹ́ báyìí ni, okùn á máa wọ́ nílẹ̀, mo sì ti bá a jà lórí ẹ̀ torí àkàsọ̀. Bàtà eré nìkan ló máa ń ta ní kókó méjì, tí yóò wá ki etí okùn wọ abẹ́ èyí tó kù kó má bàa tú. Mo jókòó sídìí maṣíìnì, mo ń wo ọkọ mi tó ń fi èékánná fa etí okùn yọ lábẹ́ okùn, tó ń tú kókó kìíní, tó ń tú èkejì. Kókó ni iṣẹ́ mi. Wọ́n lè fi ẹ̀rín tàn mí, wọn ò lè fi kókó tàn mí.

Mo ní, "O sáré."

Ó ní òun rìn kíákíá ni. Mo ní kó gbé bàtà yẹn wá kí n wò ó. Ló bá jẹ́wọ́. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan, ó ti ń sáré láti ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nínú bàtà tó le bí òkúta, lórí ojúgun yẹn kan náà. Inú bí mi gan-an. Mo béèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní mi ò lè mọ̀ ọ́n, pé tí òun bá jókòó, ńṣe ló ń dà bíi pé gbogbo àwọn tó kù ń sáré kọjá lára òun, pé òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí. Ó ní ti bàtà ni Kóòṣì máa bi mí, bàtà eré ò sì kúrò nínú àpótí mi. Mi ò ní parọ́ kankan. Kí n ṣáà ti dáhùn ohun tí wọ́n bá béèrè.

Mo padà sídìí aṣọ tí mò ń rán. Mo rí nọ́ńbà yẹn lójú mi, mo rí ṣòkòtò tí mo rán. Mo fẹ́ kó sáré ju bí òun alára ṣe fẹ́ ẹ lọ, ẹ̀rù eegun náà sì ń bà mí.

Lópin ọ̀sẹ̀, Kóòṣì dé. Wọ́n ní kó na ẹsẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n ń wo ojú rẹ̀. Ojú ọkọ mi ò yẹ̀, ó tiẹ̀ ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Èmi tí mo wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lórí itan ni mo rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ká jọ, tó funfun.

Kóòṣì ní ó dà bíi pé ó ti rọ̀ díẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé bàtà sùn?"

Ọkọ mi ò wò mí. Ọwọ́ mi wà lára kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, kó sì lọ sá eré rẹ̀.

Mo ní, "Bàtà sùn, sà. Ẹsẹ̀ ni ò sùn."

Kóòṣì ò bínú, wọn ò sì béèrè nǹkan mìíràn. Wọ́n na ọwọ́, ọkọ mi wọ yàrá, ó gbé nọ́ńbà wá, ó fún wọn. Ọkùnrin gíga kan nínú ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n gbé e fún.

A lọ ya fọ́tò eegun náà. Ìlà tín-ín-rín kan ti wà níbẹ̀. Dókítà ní ká dúpẹ́, pé tó bá tún sáré díẹ̀ sí i, ì bá dá. Mo rò pé ìyẹn á dá mi láre nílé. Ọkọ mi ò bú mi, kò sì bá mi jà, àmọ́ àwa tí a máa ń pe ara wa ní ìwọ, ẹ̀yin ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, "Ẹ ṣé." Tí mo bá bi í bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún, á ní, "Ẹ má yọnu." Ó dùn mí ju ìgbájú lọ. Láti ìgbà yẹn ni èmi náà ò ti lè jókòó. Mò ń rán aṣọ, mò ń gbálẹ̀, mò ń pọn ọmọ káàkiri yàrá, mo sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́ta láìparí ọ̀kan.

Ọjọ́ eré pé. Wọ́n ti dí títì láti àárọ̀. Ọkọ mi jókòó sórí àga tó jìnnà sí fèrèsé, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí àjákù aṣọ. Ọmọ ń ké, oorun ló ń kùn ún, bẹ́ẹ̀ àyà tèmi ò balẹ̀ láàárọ̀ yẹn tó fi lè sùn sí i. Mo gbìyànjú títí, ó sú mi, mo bá gbé e lé bàbá rẹ̀ láyà. Mo ń retí pé yóò figbe ta. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa aṣọ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mí kanlẹ̀, ó sùn lọ.

Ìgbà yẹn la gbọ́ fèrè, lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà ìró ẹsẹ̀. Ọkọ mi gbórí sókè. Ọmọ kùn. Ó rọra gbé orí padà.

Ó ní, "Ẹ bá mi wò wọ́n."

Mo lọ sójú fèrèsé. Mo sọ fún un nípa àwọn tó ṣíwájú, bí wọ́n ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Mo sọ nípa àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Agùntáṣọọ́lò yọ pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn láyà, mi ò fẹ́ sọ. Ó béèrè. Mo ní ó ń bọ̀, mo ní ó gbé èjìká sókè. Ó ní á rẹ̀ ẹ́ lórí òkè. Mo yíjú padà, omi ń ṣàn láti ojú rẹ̀ lọ sínú etí, kò sì lè nù ún, torí ọwọ́ méjèèjì ló fi di ọmọ mú. Mo fi etí aṣọ mi nù ún fún un.

Mi ò lè dúró. Mo lọ wo ìkòkò lórí iná, mo padà sójú fèrèsé, mo ṣa òwú nílẹ̀, mo tún lọ wo ìkòkò.

"Ìwọ," ó pè mí. Mo dúró sójú kan. "Bọ́ sálúbàtà rẹ. Gbé e wá."

Mo béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní kí n ṣáà gbé e wá. Mo bọ́ ọ, mo gbé e fún un. Ó yọ ọwọ́ kan díẹ̀díẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọmọ, ó gba sálúbàtà, ó sì tì í sábẹ́ itan rẹ̀, ó jókòó lé e.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú tìẹ. Jókòó."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán. Àwọn tó gbẹ̀yìn ṣì ń sáré kọjá níta. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń gbọ̀n, ó ń tẹ ilẹ̀ bíi pé ìdí maṣíìnì ni mo wà, mi ò sì lè dá a dúró. Ọkọ mi na ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dùn ún, ó gbé e lé tèmi, ó sì fi í síbẹ̀ títí ó fi dákẹ́.