Ọ̀rọ̀ Tó Kù Lẹ́nu Ìyá

"Ẹ gbé ọwọ́ yín lé mi léjìká, Mọ́mì," ni aránṣọ kan wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ìyá rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga. Ọwọ́ òsì nìkan ló dá a lóhùn. Ọwọ́ ọ̀tún ti di ẹrù láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ìyá jókòó tán, ó la ẹnu. "Gnat," ó ní.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: gnat, gnarl, gnomon, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn kì í gbọ́ lójú pópó. Lẹ́tà méjì kan náà ló ṣáájú gbogbo wọn, g àti n, a kì í sì í pe g náà rárá. Nígbà kan rí, ìyá máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé g yẹn dà bí àlejò tó wọlé tí kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò pa aránṣọ lẹ́rìn-ín mọ́. Orúkọ ọmọ tó ń wẹ ìyá kò wá sí i lẹ́nu, àlejò tí kì í kíni ló ń wá.

Àárẹ̀ ti wọ aránṣọ dé egungun. Láàárọ̀ ló tòògbé lórí ìdúró, tí áyọ́ọ̀nù sì jó aṣọ oníbàárà. Oníbàárà náà kò bú u. Ó kàn ṣa aṣọ rẹ̀ yòókù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé nílùú mìíràn, pè é lórí fóònù. Ó ní òun ti rí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó, òun ń gbé mọ́tò bọ̀ lọ́la wá gbé Mọ́mì lọ síbẹ̀. Ó ní Mọ́mì kò kúkú mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn mọ́.

Aránṣọ wá ń ká aṣọ ìyá sínú báàgì.

"Gnomon," ni ìyá wí. Ó tún un wí. Ó tún tún un wí.

Aránṣọ ju bùláòsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí wá nìtumọ̀ ẹ̀, Mọ́mì? Kí nìtumọ̀ ẹ̀ gan-an?"

Kò retí èsì. Ṣùgbọ́n ìyá gbé orí sókè bíi tíṣà tí wọ́n bi ní ìbéèrè. Ẹnu rẹ̀ wá ọ̀nà, ó ṣìnà, ó tún wá a.

"Irin," ó ní. "Irin tó ń dúró nínú oòrùn. Òjìji ẹ̀... la fi ń mọ aago."

Aránṣọ rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí ẹni tí ẹyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà sí nítòsí. Ó béèrè gnarl. Ìyá ní kókó ara igi ni. Ó béèrè gnat. Kíá ni ìyá ní kantíkantí ni, ó sì fi ọwọ́ òsì lé e kúrò létí ara rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" ni aránṣọ bi í. "Ta ni mí?"

Ìyá wò ó títí. Orúkọ náà kò wá. Omi lé ròrò sójú ìyá.

"Ó ti rẹ̀ ọ́," ni ìyá wí.

Kò sẹ́ni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún aránṣọ. Ó gbé orí lé orúnkún ìyá, ó sì sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀ lọ́la, bọ̀dá mi," ó ní, "àmọ́ Mọ́mì ò lọ síbì kankan. Aṣọ tiyín ni kẹ́ ẹ kó dání."

Ẹ̀gbọ́n ní òun níṣẹ́.

"Èmi náà níṣẹ́. Ẹ bi Mọ́mì ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á dá yín lóhùn. Èmi fẹ́ sùn."

Ẹ̀gbọ́n wá béèrè ibi tí òun máa sùn.

"Ibi tí mò ń sùn," ni aránṣọ wí. "Ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn."