Àgbàdo Tí A Kò Gbọdọ̀ Gbìn

Ara mi ò lélẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ lọ àgbàdo ìrànwọ́ tí wọ́n ń pín fún àwọn tí ọ̀dá ba oko wọn jẹ́. Ọ̀gá tí ilé-iṣẹ́ tó ni irúgbìn náà rán wá máa ń dúró tì mí láràárọ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Odidi hóró kan kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ló tún àgbàdo náà dá kí kòkòrò má lè jẹ ẹ́, òfin sì ní ẹni tó bá gbìn ín láìgba àṣẹ, olè ni.

"Kí lẹ tún ń ráhùn sí?" ni ọ̀gá wí fún àwọn tó wá gba àpò. "Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe."

"Ti ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́, ọ̀gá?" ni mo bi í.

"A óò tún kó o wá."

Inú bí mi. Ṣé ẹni tó nílẹ̀, tó lápá, ni yóò máa gbé igbá kiri lọ́dọọdún? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti se irúgbìn tó tọ́jú jẹ, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má baà kú. Ilẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀ báyìí, kò sì ní nǹkan tí yóò gbìn sí i. Ó bẹ̀ mí pé kí n wá díẹ̀ fún òun, mo ní kò ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun sùn.

Nígbà tó kan àpò tirẹ̀, ọ̀gá yíjú láti kọ orúkọ sínú ìwé, mo dọ́gbọ́n tú nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ díẹ̀, kí irin méjì tó ń lọ àgbàdo lè jìnnà síra. Ìyẹ̀fun ń jáde, odidi hóró ń bá a jáde. Mo yára di àpò náà, mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó sì yé e. Ó gbé àpò sílé, kò sọ fún ẹnì kankan, ó gba oko lọ láti lọ kọ ebè.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni kò yé. Màmá jọ ìyẹ̀fun náà, ó ṣa gbogbo hóró sínú abọ́, ó gbé e tọ̀ mí wá, ó ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà.

"Àna mi, ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára. Ṣé eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù fún mi yìí ni mo fẹ́ fi jẹ èyí?"

Ọ̀gá gba abọ́ náà. Ó wò ó, ó wò mí. "Ta ló lọ eléyìí?"

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sáré dé nìyẹn, ẹrẹ̀ oko lẹ́sẹ̀ rẹ̀; ó ti délé, wọ́n ní Màmá ti gbé hóró wá. Ó rí abọ́, ó rí ojú mi.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó ní. "Èmi ni mo kán an lójú. Àwọn ọmọ ń sunkún ebi, mo ní kó yára."

Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ ọ̀gá, ó fúnra rẹ̀ da gbogbo hóró sẹ́nu ẹ̀rọ. Mi ò lè gbé ọwọ́.

"Kí lò ń wò?" ó ní. "Fún un le, àbúrò mi. Lọ̀ ọ́ kó kúnná."

Mo fún nọ́ọ̀tì le, mo lọ̀ ọ́. Màmá bù ú wò, ó ní èyí ló dára. Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ ìyẹ̀fun náà, kò gba ọ̀nà oko mọ́.